Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Jẹun

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin bàbá mélòó kan tí ẹ ráyè wá, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ ìkókó. Ohun tó yẹ kí ọmọ jẹ, ẹ ti gbọ́ ọ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára títí ó fi sú yín. Èyí tí wọn kì í sábà bá yín sọ ni mo gbé wá: ọwọ́ ta ni yóò máa gbé oúnjẹ náà dé ẹnu ọmọ? Èrò tèmi ni pé ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ni, láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Bí mo bá parí, ẹ lè bá mi jiyàn.

Kò sí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ níbí. Ìyá á na ẹsẹ̀ sílẹ̀, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ òsì kò sábẹ́ ètè rẹ̀, á wá máa da ẹ̀kọ mímu lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ náà. Bí ọmọ bá pa ẹnu dé, wọ́n á fún un nímú. Bó bá ti la ẹnu láti mí, ẹ̀kọ ti wọlé. Á máa ké, á máa gbé e mì, á tún máa ké. Bí ikùn rẹ̀ bá ti le, wọ́n á gbé e nàró, wọ́n á gbá a lẹ́yìn kí ó lè gùnfẹ̀, ó di ìgbà mìíràn.

Mi ò wá bú ẹni tó rọ ọmọ. Wọ́n rọ èmi náà, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n rọ ọ̀pọ̀ nínú yín. Obìnrin tó fẹ́ dé ọjà kí oòrùn tó mú, tí ibà ò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jẹun láti àná, kí ni kó ṣe? Rírọ yá, ó sì dá ìyá lójú pé nǹkan dé inú ọmọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìlera ṣe ìwádìí ní Ìpínlẹ̀ Kwara ní ìparí àwọn ọdún 1980 lórí bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ wẹ́wẹ́, ìṣe yìí wà lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ tí wọ́n sì kọ sílẹ̀.

Ewu tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí mo fẹ́ kí a rò wò yàtọ̀ sí ìyẹn. Oúnjẹ tó bá ṣeé rọ gbọ́dọ̀ ṣàn. Kí ó tó lè ṣàn, omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ògì inú rẹ̀ lọ fíìfíì. Nípa bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tí a fi ń bọ́ ọmọ ló ń pinnu ohun tí a lè fi bọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó lè rọ ẹyin. Kò sẹ́ni tó lè rọ ẹ̀dọ̀, tàbí mọ́ínmọ́ín, tàbí iṣu. Ikùn ọmọ oṣù mẹ́fà kò sì tó nǹkan. Bí omi bá ti gba ibẹ̀, ọmọ ti yó láìjẹun.

Àwọn olùwádìí Kwara yẹn rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá àwọn ìyá jókòó, wọ́n sì gbé ẹ̀kọ kan jáde tí wọ́n pè ní ẹ̀kọ ìlera: ẹ̀kọ mímu tí a fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan, epo pupa àti ṣúgà kún. Ọgbọ́n gidi ni. Títí di òní ni mo ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n fi ẹ̀wà àti epo sí ògì ọmọ, kí wọ́n kàn yọ ṣúgà kúrò. Ṣùgbọ́n oúnjẹ mímu náà ni, ọwọ́ àgbà náà ló ṣì ń gbé e.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Nínú ìwádìí ilé sí ilé tí ìjọba Nàìjíríà ṣe lórí ìlera ní 2018, ìdá 37 nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló kúrú ju bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Láàrin àwọn ọmọ oṣù 6 sí 59, ìdá 68 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Àwọn tó wà láàrin oṣù 6 sí 23 tí wọ́n sì ń jẹ oríṣiríṣi oúnjẹ níye ìgbà tó yẹ, ìdá 11 péré ni nínú 100. Àìlówó wà nínú rẹ̀, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru wà nínú rẹ̀. Irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní ọwọ́ ọmọ nìkan ni yóò yanjú gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ilé tí ẹyin wà nínú àwo bàbá lówùúrọ̀, tí ọmọ oṣù mẹ́jọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń mu ẹ̀kọ lásán. Ẹyin wà nínú ilé yẹn. Ohun tí kò sí ni ẹni tó ronú pé ọmọ lè mú un.

Wọ́n á ní ọmọ kò mọ nǹkan kan, bí a bá fi sílẹ̀ kò ní jẹun. Ní 1926, dókítà obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Clara Davis, bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan tí kò sí ilé ìwòsàn tí yóò gbà á láyè lónìí. Ó kó àwọn ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n jẹ́ 15 nígbẹ̀yìn, ó sì ń tẹ́ abọ́ oúnjẹ síwájú wọn. Irú oúnjẹ 34 ló wà nínú ìwé rẹ̀: ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹyin, wàrà, ọkà, èso, ẹ̀fọ́, wọn kò po ọ̀kan mọ́ èkejì. Nọ́ọ̀sì á jókòó ti ọmọ, ṣíbí á wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ na ṣíbí sí ọmọ, kò gbọdọ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ yìn ín. Àfi bí ọmọ bá nawọ́ sí abọ́ kan ni ó tó lè bu díẹ̀ fún un. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ohun tí àwọn ọmọ náà kò jẹ: ṣíbí, etí àwo, bébà tó wà nínú tíréè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tí egungun rẹ̀ ti rọ̀, wọ́n gbé òróró ẹ̀dọ̀ ẹja síwájú rẹ̀, ó sì ń mu ún títí egungun rẹ̀ fi le. Gbogbo wọn ni wọ́n ṣe dáadáa.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Davis ń jábọ̀ iṣẹ́ náà ní 1939, òun fúnra rẹ̀ sọ ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà: inú oúnjẹ tí òun tò kalẹ̀ ni. Kò sí súìtì níbẹ̀, kò sí bísíkíìtì, kò sí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọ bá ṣi ọwọ́ mú, oúnjẹ gidi náà ni yóò bá pàdé. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn: kí a pinnu ohun tí ọmọ máa jẹ, ìgbà tí ó máa jẹ ẹ́, àti ibi tí ó ti máa jẹ ẹ́. Bóyá ó máa jẹ, àti ìwọ̀n tó máa jẹ, ọwọ́ ọmọ ni ìyẹn wà.

Ó yá, ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmú nìkan títí di oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà oúnjẹ pẹ̀lú ọmú títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù mẹ́fà ni èròjà irin tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ ń tán lọ, ọmú nìkan kò sì lè dí i mọ́. Ẹ wo ara ọmọ náà pẹ̀lú: ṣé ọrùn rẹ̀ le? Ṣé ó lè jókòó bí ẹ bá fi ọwọ́ díẹ̀ tì í? Ṣé ó ń mú nǹkan, tó ń kó o sẹ́nu? Ṣé ahọ́n rẹ̀ kò ti oúnjẹ síta mọ́? Ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, kí dókítà kọ́kọ́ wò ó.

Ọmọ oṣù mẹ́fà máa ń fi gbogbo ọwọ́ mú nǹkan, á dì í mọ́lẹ̀ pinpin. Ohun tó bá wà nínú ìkúùkù rẹ̀, kò mọ bí a ṣe ń mú un jáde. Èyí tó yọrí jáde lókè ni ó lè jẹ. Nítorí náà, ẹ gé oúnjẹ kó gùn tó ìka àgbàlagbà. Ẹ kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá fọ́ wẹ́rẹ́, èrìgì ọmọ á fọ́ ọ. Ẹ má dúró de eyín o: ẹ ki ìka bọ ẹnu ọmọ oṣù méje tí kò ní eyín, ẹ ó mọ̀ bóyá èrìgì lè rún nǹkan.

Inú ilé ìdáná wa náà ni oúnjẹ ọ̀hún wà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pípọ́n tí a sè. Ànàmọ́ sísè. Píà tó ti rọ̀. Ẹ fi èèpo sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kí ó má bàa yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbẹ́pẹ. Ẹyin sísè tó jinná dáadáa, tí a gé gígùn. Mọ́ínmọ́ín dára ju gbogbo wọn lọ lójú tèmi: ẹ̀wà ni, epo wà nínú rẹ̀, ẹ lè fi ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ sí i, ó ń dúró lọ́wọ́, ó sì ń yọ́ lẹ́nu. Ẹ̀kọ tútù inú ewé ńkọ́? Ògì kan náà tí ẹ ń pò fún un mu ni, ó kàn dì ni. Ẹ gé e gígùn, ẹ fún un mú, kí ẹ sì fi ẹja tàbí ẹ̀wà tì í, torí òun nìkan kò lè dá gbé ọmọ. Ẹ̀dọ̀ tí a sè kó rọ̀ wà fún ẹ̀jẹ̀. Kí ẹ tó fi iyọ̀ àti magí sí ìkòkò ni kí ẹ ti bu tiẹ̀ sọ́tọ̀.

Ní bí oṣù mẹ́sàn-án, ẹ ó rí i tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé. Nígbà yẹn ló máa ń ṣa ẹ̀wà sísè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú tó le koko bí akọ̀wé báńkì tó ń ka owó. Ẹ máa gé oúnjẹ ní wẹ́wẹ́ nígbà náà. Àmàlà pẹ̀lú ewédú náà ti yá. Á fi kun irun, á fi kun ògiri. Ṣíbí, ẹ gbé e fún un kí ó máa mú un ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè pé ọdún kan àbọ̀ kí ó tó mọ bí a ṣe ń gbé e dé ẹnu tí nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀. Omi, inú ife ni kó ti mu ún. Fídà ṣòroó fọ̀, kò sì kọ́ ọmọ ní nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń rò ó nínú: wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin àti ẹran láti kékeré yóò jalè. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ọmọ olóko adìẹ ì bá ti wà lẹ́wọ̀n. Ẹran, ẹja àti ẹyin wà lára ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé kí ọmọ máa jẹ lójoojúmọ́ láti oṣù mẹ́fà.

Ẹ̀rù tó tọ́ ni ẹ̀rù pé oúnjẹ lè há ọmọ lọ́fun, n kò ní fi ṣeré. Ní Yunifásítì Otago, ní New Zealand, wọ́n pín ìyá 206 sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n kọ́ àwọn yòókù bí wọn ó ṣe jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ jẹ ẹ́, wọ́n sì kọ́ wọn ní oúnjẹ tó léwu. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2016 ni pé àwọn tó ń fọwọ́ jẹun kò há ju àwọn yòókù lọ. Ìdá 35 nínú 100 gbogbo ọmọ náà ni nǹkan há lọ́fun ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàrin oṣù 6 sí 8, ìbáà jẹ́ ọwọ́, ìbáà jẹ́ ṣíbí. Ìyẹn ni pé kò sí ọ̀nà kankan tí a lè fi bọ́ ọmọ tí a ó sì kẹ̀yìn sí i.

Ẹ fi ìyàtọ̀ sí nǹkan méjì. Bí ọmọ bá ń ṣe bí ẹni fẹ́ bì, tó ń wúkọ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń yọ ahọ́n síta, ẹ fi í sílẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń ti oúnjẹ náà padà síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ara ọmọ ṣe ń kọ́ ọ. Bí ẹ bá ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ lè tì í wọ inú. Ṣùgbọ́n bí ohùn rẹ̀ bá pa, tí kò lè wúkọ́, tí kò lè ké, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ó ti há nìyẹn. Ẹ dojú rẹ̀ dé sí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àyà lọ, kí ẹ di àgbọ̀n rẹ̀ mú, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàrin èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ yí i padà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe é títí yóò fi jáde, kí ẹlòmíràn sì máa sáré wá ìrànwọ́. Ẹ má fún un lómi. Ẹ má di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú gbé e kọ́ sísàlẹ̀. Ẹ má tẹ ikùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kó fi ọmọlangidi kọ́ yín lọ́wọ́, torí gbígbọ́ létí kò tó.

Ohun tí kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀: odidi ẹ̀pà, gúgúrú, àgbàdo yíyan, kóró àgbálùmọ̀, pọ̀nmọ́, kárọ́ọ̀tì tútù, ẹja tí egungun ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná, tí a pò mọ́ oúnjẹ, ìyẹn dára. Ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó nàró nígbà tó bá ń jẹun. Kì í jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìyá, kì í jẹ ẹ́ ní dídùbúlẹ̀, kì í jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń sáré.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un tó kan àṣà wa. Oyin ìsọmọlórúkọ. Kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú oyin tí ikùn àgbà ń ṣẹ́gun, àmọ́ tó ń sọ iṣan ọmọ tí kò pé ọdún kan di aláìlágbára, títí dé èyí tó fi ń mí. Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ gbàdúrà sórí oyin, kí ìyá àti bàbá tọ́ ọ wò, kí ìdílé tọ́ ọ wò. Ẹ má fi kan ahọ́n ọmọ.

Ọwọ́ ńkọ́? Ọmọ tó mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun. Ọmọ oṣù mẹ́fà kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, nítorí náà ẹ wẹ̀ ẹ́ fún un, tòun ti ọṣẹ, kí ẹ wẹ tiyín náà. Ọmọ tó bá sì fi ọwọ́ òsì mú oúnjẹ, ẹ má gbá a lọ́wọ́. Ní ọjọ́ orí yẹn ọwọ́ méjèèjì ló ń lò, kò tíì mọ èyí tí yóò borí. Ẹ̀kọ́ ilé á kàn án lọ́jọ́ iwájú.

Mo ti gba ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀. Ìyá kan ní ọjà ni òun ń tà, òun kò ráyè jókòó ti ọmọ tó ń fi oúnjẹ ṣeré. Mà, mi ò ní kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ mú oúnjẹ alẹ́ nìkan, nígbà tí gbogbo ilé ń jẹun, ẹ gbé e sáàárín yín. Lọ́sàn-án, ẹ fi ṣíbí bọ́ ọ, ṣíbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró kí ó la ẹnu, bí ó bá sì yí orí kúrò, ó ti tó.

Ìyá àgbà kan bi mí pé bí kò bá jẹ ńkọ́. Tó bá kọ oúnjẹ tuntun lónìí, ẹ tún gbé e wá lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rí nǹkan bí ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kí wọ́n tó gbà á. Ẹ má sì tìtorí bẹ́ẹ̀ padà sí ẹ̀kọ mímu nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní agbègbè Bristol ní 1991 àti 1992 fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i pé àwọn tí kò fẹnu kan oúnjẹ tó ní kókó, èyí tí a kò lọ̀ kúnná, títí wọ́n fi kọjá oṣù mẹ́sàn-án ló ń yan oúnjẹ jù, kódà nígbà tí wọ́n pé ọdún méje. Bí ibà bá mú un, léraléra ni kó máa gba ọmú. Ẹ wo káàdì ìwọ̀n rẹ̀ lóṣooṣù. Bí ìlà náà bá ń wálẹ̀, tàbí tí kò gba ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ rọ jọwọrọ, ilé ìwòsàn ni ọjọ́ náà gan-an.

Bàbá kan ní ìfiṣòfò ni, pé ìdajì rẹ̀ ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Òótọ́ ni, sà. Ẹ tẹ́ nylon tàbí rọ́bà tó mọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ fún un ní ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ mú òmíràn fún un nígbà tó bá jẹ ìyẹn tán. Ẹyin kan tó o fún ìjókòó méjì. Bí ẹ bá sì jókòó síbẹ̀ ti òun ti àwo tiyín, ẹ ó rí i pé láti inú àwo tiyín ló ti fẹ́ mú un.